Ohun tí Ìwọ̀ Mi Gbé Jáde



Lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rẹ́ mi apẹja ní ká jọ lọ dẹ ìwọ̀ ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Ó ní, "Awo, àsìkò nìyí. Iyọ̀ òkun ti wọnú ọ̀sà, ó ti pa koríko ojú omi, ìwọ̀ á ríbi wọlẹ̀."

Oòrùn mú ganrínganrín. A jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, à ń wo mọ́tò lórí afárá Third Mainland. Ekòló la fi ṣe ìjẹ. Òun ti mú epìyà mẹ́ta, èmi ò tíì mú nǹkan kan. Bí okùn mi ṣe fà báyìí, mo yọ̀, mo gbé e sókè: láílọ́ọ̀nù dúdú ni! Ó tú u. Ẹ̀kọ tó ti bàjẹ́ àti obì ló wà níbẹ̀. Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Ojú tì mí. Kì í ṣe èmi ni mo jù ú, àmọ́ bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn: màá di ìpèsè sí láílọ́ọ̀nù, màá sọ ọ́ sómi, màá ní mo ti bọ Ọlọ́sà. Ẹ̀kọ á jẹrà, obì á jẹrà, láílọ́ọ̀nù ńkọ́? Ewé làwọn baba wa fi ń di nǹkan.

Nílé mi báyìí, igbá la fi ń gbé ìpèsè lọ. Ọwọ́ la fi ń dà á sómi, a ó sì gbé igbá wa wálé. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́. A ò lè máa bọ omi, ká tún máa ba omi jẹ́.

Ọlọ́sà á gbè wá o. Àṣẹ.