Ọṣẹ Tí A Pò Nílé: Ẹ Má Lé E Lọ́jà, Ẹ Jẹ́ Ká Tún Un Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ tí àwọn kan nínú wa ń pò nílé, tí wọ́n ń gbé wá sí ìsọ̀, ti wá di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ fòfin dè é pátápátá, torí oníbàárà ń ráhùn pé ó ń ta àwọn lára, ó ń bó àwọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní kí oníkálùkù máa ta ohun tó bá wù ú. Àwa ò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Lójú tiwa, kí ọṣẹ náà dúró lọ́jà, ṣùgbọ́n kó má kúrò nílé ẹni tó pò ó títí á fi jinná.

Ọṣẹ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa ti ń fi eérú àti àdín se ọṣẹ dúdú kí ọṣẹ ilé iṣẹ́ tó dé. Ọdún 1923 ni Lever Brothers dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà, tó ti di Unilever Nigeria, kéde pé òun ò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux mọ́ nílẹ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba tú náírà sílẹ̀, gbogbo nǹkan tún gbówó lórí. Kí la fẹ́ kí obìnrin tó ń tọ́mọ ṣe? Ó ra sódà, ó ra àdín, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ò rí ẹ̀bi níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti kọ́kọ́ ń wá ni òṣùwọ̀n. Kóńgò àti agolo mílíkì la fi ń wọn nǹkan lọ́jà, ṣùgbọ́n sódà ò gba ìyẹn. Kílò àdín kan kì í gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 175 sódà lọ. Kílò epo pupa kan ò gbà ju nǹkan bíi 140 lọ. Tí àdín bá wọ́n, tí ẹnìkan fi epo pupa dípò rẹ̀ tí kò sì dín sódà kù, sódà tó ṣẹ́ kù á jókòó sínú ọṣẹ, òun náà ló ń bó oníbàárà lọ́wọ́. Tí sódà bá sì kéré jù, ọṣẹ ò ní dì dáadáa, epo á máa sun jáde lára rẹ̀.

Èkejì ni móòdù, ìyẹn ohun tí a ń da ọṣẹ sí kó tó dì. A gbọ́ pé àwọn kan ń fi ẹni tó ń lo páálí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dákun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Páálí bísíkíìtì tí a tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí nínú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àpótí pákó dára. Ike bọ́tà dára. Páìpù omi oníke tí a gé ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí a fi ọ̀rá di ìdí rẹ̀ pinpin, tí a fi epo díẹ̀ pa inú rẹ̀, á fún wa ní ọṣẹ róbótó tó wuni. Igi la ó fi tì í jáde tó bá dì. Ojú àwo làwo fi ń gbọbẹ̀.

Ohun tí kò dára ni páànù kéèkì àti ìkòkò alumí. Sódà ń jẹ alumí, á máa hó, á sì máa tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná jáde. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà fẹ́lẹ́ jù, tó bá já, gbogbo ẹ̀ á dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọṣẹ tó bá dì sínú gíláàsì, àtiyọ ọ́ á di ogun. Ike oògùn kòkòrò, ẹ má tiẹ̀ dé ìdí ẹ̀. Abọ́ tí ẹ bá sì ti fi da ọṣẹ, kó má padà sídìí oúnjẹ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni sùúrù. Ọṣẹ tí a kàn rò pọ̀ láìgbé e kaná, ó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kí sódà parí iṣẹ́ rẹ̀, kí omi sì gbẹ lára ọṣẹ. Wọ́n á ní, ṣé owó àwọn ló máa wà nílẹ̀ fún oṣù kan gbáko? Ìdáhùn wa rèé: ẹ máa pò díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á ti ṣeé tà, látìgbà náà ọ̀sẹ̀ kan ò ní lọ láìsí ọjà lórí àtẹ. Ọṣẹ tútù kì í pẹ́ kó tó yọ́ dànù, oníbàárà tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan ò ní padà wá. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ọmọdé. Omi sódà dà bí omi mímu lójú. Ẹni tó rọ ọ́ sínú ike omi tàbí ike mínírà tó gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé, ikú ló gbé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà wa ti ń tọ́jú ọmọ tó mu ún: ọ̀nà ọ̀fun á bó, tó bá san tán á fún pọ̀, oúnjẹ ò ní lè kọjá. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún ọmọ ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ta sí yín lára, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, ẹ máa da omi sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o. Ẹ sì rántí pé sódà là ń dà sínú omi, a kì í da omi sórí sódà. Á hó ru, á fọ́n síni lójú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí. Ìkíní, kí láìnì kọ̀ọ̀kan dáwó ra òṣùwọ̀n kan tó ń ka gíráàmù. Ìkejì, kí a máa kọ ọjọ́ tí a pò ó sára páálí, kí ọṣẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin má dé ìsọ̀. Ìkẹta, kí ẹ̀yin tó ń ta sódà má wọ̀n ọ́n sínú ike omi fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Tí a bá lé ọṣẹ yìí lọ́jà, kọ̀rọ̀ ni wọ́n á ti máa tà á, a ò sì ní mọ ẹni tó ń pò ó mọ́. Tí a bá tún un ṣe, ẹni tó ń tà á á jẹun, ara ẹni tó ń rà á á sì balẹ̀. Ẹ wá sípàdé, kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Ire o.