Ohun Tó Bá Ojú Ti Bá Imú

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Àjọgbé ni wọ́n. Bí ojú bá ń sunkún, imú á máa ṣomi. Ẹni tó bá rò pé àjálù aládùúgbò kò kan òun ni òwe yìí ń bá wí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ìjì líle Katrina kọlu ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà. Odi tí wọ́n fi ń dènà omi ya, omi sì bo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Ray Nagin, olórí ìjọba ìlú náà, ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde. Wọ́n sọ ìhà méjèèjì òpópónà márosẹ̀ di àjáde kí ọkọ̀ lè yára. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ńkọ́? Ìparí oṣù ni, owó ti tán lápò mẹ̀kúnnù. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí ì bá kó wọn wà lójú kan títí omi fi bò ó. Báyìí ni ọ̀nà ṣe kọ́kọ́ dí mọ́ tálákà, láìsí ẹni tó na ìbọn sí i.

Ìbọn kò pẹ́ dé. Nígbà tí ebi àti òùngbẹ mú wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn, tàgbà tèwe, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, fẹsẹ̀ gun afárá tó sọdá odò Mississippi sí ìhà ìlú Gretna. Àwọn ọlọ́pàá tò síwájú wọn, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n ní kí wọ́n padà. Arthur Lawson, ọ̀gá ọlọ́pàá Gretna, ní ká ní àwọn ṣí afárá ni, wọn ì bá jí ìlú àwọn kó, wọn ì bá sì dáná sun ún. Ìgbìmọ̀ ìlú Gretna fọwọ́ sí ohun tó ṣe.

Lóòótọ́, nǹkan kò rọgbọ fún Gretna náà, wọ́n sì ti fi bọ́ọ̀sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ sọdá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní oúnjẹ fún àlejò ṣì lè yà fún un kó kọjá. Àwọn ọlọ́pàá ti ka òṣì àwọn tó wà lórí afárá sí olè kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Kí ló wá kan imú? Títí dòní, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Katrina, a ó dárúkọ Gretna mọ́ afárá yẹn.

Ìjọba tó bá fẹ́ kó ìlú jáde, ẹni tí kò ní ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ kà. Lọ́jọ́ àjálù, kí ọlọ́pàá kankan má ṣe láṣẹ láti dínà mọ́ ẹni tó ń sá àsálà.