Ẹsẹ̀ Tí Yóò Gbé Àpótí Ẹja
Kí ẹ tó gbé àpótí gíláàsì ẹja sí pálọ̀, ẹ ro ìwúwo omi. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30, ń gba lítà 54 bí ó bá kún. Omi náà nìkan wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 lọ.

Ẹ lo igi ìrókò gbígbẹ. Kí igi òkè jókòó lé orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; ẹ má fi ẹrù sílẹ̀ fún ìṣó. Ẹ kan igi kan láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà mì. Bí orí rẹ̀ kò bá tẹ́jú, gíláàsì lè là. Àwọn ọmọ yóò fara tì í. Ẹ dán an wò kí ẹ tó bu omi sí i.