Gbèsè òwú la fi ń ṣáájú

Ní Ìṣẹ́yìn, òwú ahunṣọ òfì á nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, òkúta á tẹ ìdí òwú náà lókèèrè. Bí ahunṣọ náà bá gba òwú láwìn, kì í náwó èrè kó tó san gbèsè. Bí MTN Nàìjíríà ṣe ṣe náà nìyẹn: náírà já lọ́dún 2023, gbèsè dọ́là wọn wú, wọ́n pàdánù ₦137 bílíọ̀nù; 2024 tún burú jù bẹ́ẹ̀, wọn kò pín kọ́bọ̀ èrè fún àwọn onípìn-ín lórí ọdún náà. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ àánú ẹni tó ra ogún ìpín MTN ní ₦169 ọ̀kọ̀ọ̀kan lópin 2021 ń ṣe mí gan-an: ₦3,380 ló san. Nígbà tí èrè ₦5 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan dé lọ́dún 2025, ₦100 péré ló kan ogún ìpín náà, owó orí sì yọ ₦10 níbẹ̀.