Òkè Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó Nìkan



Ọ̀rọ̀ kan ń bí wa nínú. Bí a bá ní kí òbí kó àwọn ọmọ lọ gun òkè lọ́jọ́ ìsinmi, kíá ni wọn yóò dáhùn pé: "Ti òyìnbó nìyẹn." Àwa kò gbà. Ṣé àwa náà la ń sọ bẹ́ẹ̀? Àwa tí wọ́n ń pe Ìdáàṣà wa ní ìlú òkè 41! Àwa tí àpáta ńláńlá dúró ti Ṣábẹ̀ẹ́ bí olùṣọ́!

Ẹ wo Conic Hill, lẹ́bàá abúlé Balmaha, létí adágún Loch Lomond. Mítà 361 péré ni gíga rẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bá òbí rẹ̀ gùn ún, kí oúnjẹ ọ̀sán sì bá wọn nísàlẹ̀.

Wọ́n ní: "Bí onílẹ̀ bá lé wa ńkọ́?" Òfin Skọ́tíláǹdì ti ọdún 2003 ti dáhùn. Ẹnikẹ́ni, ọmọ ìlú tàbí àlejò, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹsẹ̀ rìn lórí òkè, bó bá ti ń hùwà ọmọlúàbí: kó fi géètì sílẹ̀ bó ṣe bá a, kó má dààmú ẹran ọ̀sìn, kó má da ìdọ̀tí sílẹ̀. Òkè kò sì gba owó ìwọlé.

Wọ́n tún ní: "Òtútù ńkọ́?" Èyí kì í ṣe àwàdà. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ lè yí padà ní wàrà. Òkè kékeré náà ń fẹ́ aṣọ òjò, bàtà tí kì í yọ̀, oúnjẹ àti máàpù. Bí kùrukùru bá bo orí òkè, ẹ padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí òkè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é; ẹ má fi àìbìkítà dá wọn lágara. Ṣùgbọ́n ìmúra ni òtútù ń béèrè, kò ní ká jókòó sílé.

Àwa olùkọ́ mọ ohun tí ọmọ ń pàdánù. Láti orí Conic Hill, ọmọ yóò rí àwọn erékùṣù tó tò lọ lórí adágún, níbi tí ilẹ̀ ti là, tí ilẹ̀ olókè fi pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Nínú ìwé, ìlà lásán ni.

Èyí tó burú jù nìyí: ọmọ tí wọ́n bí sí Glasgow, tí òbí rẹ̀ ń sọ fún un pé òkè ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ibo ni yóò pè ní tirẹ̀?

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ di oúnjẹ, ẹ mú ọmọ dání. Bí ẹ bá sì ti ń gùn, ẹ sọ ìtàn òkè Ìdáàṣà fún wọn.

Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ará wa lókè òkun.