Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Bí ẹ bá wà ní Allen Avenue, n'Ìkẹjà, tí ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn, kí ẹ tó nu òógùn ojú, owó ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí dókítà àdúgbò yẹn bá ní kí ẹ gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín wá láti ọsibítù tí ẹ lọ tẹ́lẹ̀, bébà lẹ ó ká sínú náílọ́ọ̀nù. Ọsibítù méjèèjì ló ní kọ̀ǹpútà o.

Àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún ọsibítù fẹ́ràn òwe àgbà yìí: ọ̀nà kan ò wọjà, kí kálukú la tirẹ̀. Wọn ò jayò pa. Helium Health ti ń ta tirẹ̀ l'Ékòó láti 2016. OpenMRS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n tó dé rárá, yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ àti ti Kuopio ní Finland ti jọ ṣe ètò àkọsílẹ̀ ọsibítù tí wọ́n ń pè ní MINPHIS.

Àmọ́ ẹ tún òwe náà gbọ́. Ọjà ló parí rẹ̀. Ọ̀nà tó bá já sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tó là á, kì í ṣe ọ̀nà ọjà.

Kí ọ̀rọ̀ rin wáyà dé ò ṣòro. Kó yé ẹni tó gbà á ni iṣẹ́. Láàbù kan a kọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní 126, èkejì a kọ ọ́ ní 7. Ṣúgà kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ò bá mọ̀ yóò pariwo pé aláìsàn ń kú lọ. Táíwò níbí, Táyé lọ́hùn-ún, ó di èèyàn méjì, bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ HL7, tó ti ń gbé ìlànà ìsọfúnni ìlera kalẹ̀ láti 1987, fi ṣe ìlànà FHIR, tí wọ́n ń pè bíi fáyà: bó ti wù kí ilé kálukú rí nínú, orúkọ, àyẹ̀wò àti oògùn yóò jáde ní ìrísí kan.

Àwọn báǹkì ò kúkú fẹ́ràn ara wọn. Síbẹ̀, láti 1993 ni àwọn àti Báǹkì Àpapọ̀ ti ní NIBSS, ọjà tí gbogbo ọ̀nà owó já sí. Ohun tó dè wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlera kì í ṣe ìmọ̀. Ẹni tó bá ti àkọsílẹ̀ mọ́lé, oníbàárà ló tì mọ́lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọsibítù, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bí àkọsílẹ̀ ṣe máa jáde. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ béèrè ẹ̀dà tiyín. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i.