Iṣẹ́ Abẹ Tán, Òògùn Kò Tíì Tán

Bí bàbá kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, bá ti ibi iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní òkè òkun dé, tí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́, ohun tí ẹbí máa ń sọ ni pé, “Ọlọ́run ṣeun, Dádì ti bọ́ lọ́wọ́ òògùn.” Ọ̀rọ̀ yẹn léwu. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í wo àìsàn Parkinson sàn. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n ń tì bọ inú ọpọlọ, tí wọ́n á fà á gba abẹ́ awọ wá sí àyà, níbi tí bátìrì ti ń fún un níná. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Benabid, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, ní 1987. Iṣẹ́ abẹ náà ń dín gbígbọ̀n àti gígan ara kù; ohùn tó ti lọ sílẹ̀ àti ìṣubú ni kì í sábà rí nǹkan ṣe sí.

Dókítà lè dín òògùn kù, ẹbí kọ́. Bí aláìsàn bá dá levodopa, òògùn Parkinson, dúró lójijì, ara rẹ̀ lè gbóná kó sì gan débi ikú. Àwọn kan á ní egbòogi yèrèpè tó láti rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, levodopa wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bá yín wọn ìwọ̀n rẹ̀? Ti egbòogi asofẹ́yẹjẹ tilẹ̀ burú jù, ó lè mú àìsàn náà le sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kó owó jọ fún iṣẹ́ abẹ yìí, ọ̀rọ̀ bátìrì ni kí ẹ gbọ́. Ọ̀kan wà tí ẹ ó máa ṣáájì. Èkejì kò gba ṣáájì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ọdún 3 sí 5 wọ́n á tún fi abẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Agbowó mọ bí iná ṣe ń ṣe wá, kó rò ó dáadáa. Bí bátìrì bá kú, àìsàn á tún gbérí.

Ẹ̀rọ náà fẹ́ àtúntò lóòrèkóòrè. Ta ni yóò máa tò ó fún yín nílé? Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ kí ẹ tó gbà. Ẹ gba ìwé tó ní orúkọ ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹ mú un lọ bá dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Láti 1962 ni Dókítà Látúndé Odeku ti gbé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ débẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo dókítà ló mọ ẹ̀rọ yìí.

Nítorí ìṣubú, ẹ má gbé aláìsàn náà gun ọ̀kadà lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ mú un lọ fún fisiótẹ́rápì, ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ fún wọn pé wáyà wà nínú orí rẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú iṣan gbóná níbẹ̀ lè jó ọpọlọ rẹ̀.